Àbúrò Berthe Lójú Ẹ̀rọ

Orúkọ Léonce máa ń yọ lójú ẹ̀rọ kí ìlà tó wọlé. Wáyà tẹlifóònù la fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, nílé íńtánẹ́ẹ̀tì mi ní Pobè. Ìlà á máa han gooro, kò ní tíì dákẹ́, tí Léonce á ti kọ̀wé láti Libreville: "Dada, se e ti de?"

Berthe ni Dada yẹn, ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà ní Issaba lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀wé.

"Dada Berthe, ẹ rọra. Ẹ̀kùrọ́ kọ́ lẹ ń pa."

"Dákẹ́, Pacôme. Ṣé àbúrò mi ráhùn ni?"

Lọ́jọ́ kan, Zacharie, tó ń bá Léonce gbé ní Libreville, dé sí Sakété pẹ̀lú báàgì aṣọ olóògbé, ó sì ránṣẹ́ pe Berthe. Ó ní láti ìgbà ọyẹ́ làwọn ti sin Léonce. Òjò sì ti ń rọ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Léonce ṣì bi wá bóyá àgbàdo ti hù.

Nígbà tí Berthe ti Sakété padà wá sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ wú. Mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Akúdàáyà ni, Dada. Bó bá fura pé ẹ ti mọ̀, á sá lọ, ẹ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀. N ò ní sọ. Kó ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀."

Orúkọ yọ. "Dada, nibo le wa lati ijo yii?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kí i bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń kí àbúrò tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Ẹ̀rọ àwọn Faransé kò ní àmì ohùn. Ìka rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀:

"Leonce o ku ojo meta"

Mo na ọwọ́. Ó ti fi ránṣẹ́.

Lẹ́nu Berthe, ìkíni ni. Lójú ẹ̀rọ, láìsí ohùn rẹ̀, ikú ni.

Èsì dé.

"Ta lo so fun yin?"

"Mo ń kí ọ ni!" Berthe fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ mú. "Léonce! Mo ń kí ọ ni! Pacôme, bá mi fi àmì sí i!"

Orúkọ náà ti kú lójú ẹ̀rọ.

Títí dòní, Berthe kì í kí ẹnikẹ́ni. Ẹ bá a lóko, ẹ bá a lọ́jà, ọwọ́ ló máa ń jù sí yín. Àwọn tí kò mọ̀ ní ìgbéraga ni.