Ìborí Tí Wọ́n Fi Sẹ́ Wàràkàṣì Kajú

Láàárọ̀ Sátidé kan, Bàbá Aláago jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ń wo wàràkàṣì tó fi kajú ṣe bí ẹni ń wo aago tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Àmì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun á gé ibẹ̀ dànù, òun á jẹ ìyókù.

Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tí inú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mílíìkì, obìnrin náà ló wá ọgbọ́n dá sí i. Ó ń fi kóró kajú ṣe wàràkàṣì tí kò ní ẹ̀kán mílíìkì kan nínú. Bí Sátidé bá dé, wọ́n á kì í sáàárín búrẹ́dì, wọ́n á jọ jẹ ẹ́ lójú fèrèsé. Bàbá ò béèrè bó ṣe ń ṣe é rí. Ta ló ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí yóò ṣáà máa dé orí tábìlì?

Àárò rẹ̀ wá ń sọ ọ́ gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dán wàràkàṣì náà wò, kò dùn bíi tìyàwó rẹ̀. Ló bá rántí pé ìborí funfun kan ni obìnrin náà fi máa ń sẹ́ ẹ. Abẹ́ ìrọ̀rí bàbá ni ìborí ọ̀hún wà látọjọ́ ìsìnkú. Kò fọ̀ ọ́ rí, kí òórùn rẹ̀ má baà lọ. Ó fà á yọ, ó fi sẹ́ kajú, ó sì gbé e sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀ o!"

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló wọlé, nọ́ọ̀sì ni ní ibùdó ìlera àdúgbò. Ó rí àmì pupa náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀. Ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò?"

"Mi ò tíì fi kan ẹnu. Díẹ̀ ló bà jẹ́, Nọ́ọ̀sì. Màá gé e."

"Èyí tójú rí lẹ máa gé. Ó ti wọ inú lọ."

"Òórùn ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà lára eléyìí. Ṣé kí n da òun náà nù ni?"

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì náà ló kú. Ó fa àga, ó jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá, tí oníbàárà bá gbé aago wá, ṣé ẹ lè fi irin tó dọ̀tí ṣí i?"

"Èmi kẹ̀? Sípíríìtì ni mo fi ń nu irin mi. Eruku bíńtín ló ń pa aago."

"Ikùn yín ò wá tó aago?"

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

"Sístà mi máa ń fọ ìborí yẹn, á sì sè é nínú omi híhó kó tó lò ó. Kẹ́ ẹ tó jí ló ti ń ṣe é. Kajú náà, á rẹ ẹ́, á da omi rẹ̀ nù, á wá sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó lọ̀ ọ́."

"Kíkan rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Kò gbé e síta di ọjọ́ kejì rí. Fíríìjì ló ń gbé e sí."

Bàbá gbé ìborí náà símú. Ká sòótọ́, òórùn orí òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́. Ó ti pẹ́ tí tobìnrin náà ti lọ. Ó sunkún díẹ̀, ó dìde, ó da wàràkàṣì náà nù.

Lọ́sàn-án, ìborí ti hó nínú ìkòkò, kajú ti di lílọ̀. Bàbá la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì. Bí òórùn rẹ̀ ṣe gba ilé ìdáná kan, ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ lè fi kajú ṣe wàràkàṣì nílé, àmọ́ ẹ fọwọ́ yín, ẹ se kajú, ẹ se aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sẹ́ ẹ. Ẹ gbé e sí fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Bí àmì pupa, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé bá yọ lára rẹ̀, ẹ má gé e, gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà nù. Àlejò tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún jẹ, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ kọ kajú, torí ó lè mú kí ọ̀fun ẹlòmíì wú. Àárò ẹni tó lọ kì í bà jẹ́ nítorí pé a fọ aṣọ rẹ̀. Oúnjẹ ló ń bà jẹ́ bí a ò bá fọ aṣọ náà.