Ilẹ̀kùn Tí Ìyàwó Tíṣà Yàn

Nígbà tí Sùúrù dé ilé náà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, iná ti kú, wọ́n ti gbé òkú lọ, omi dúdú sì ń ṣàn gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Sùúrù, nítorí pé nínú ogún ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sẹ́ni tó tíì rí i kí ó sáré. Ìyàwó Tíṣà ló kú. Oorun ọ̀sán ló ń sùn nígbà tí iná ṣẹ́ yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Èéfín ti pa á kí iná tó kàn án.

Tíṣà jókòó sórí àpótí níta, ó fi aṣọ tútù wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Káfíńtà ni," ó wí. "Òun àti ìyàwó mi ṣe gbólóhùn asọ̀ lánàá nítorí ilẹ̀kùn. Ó ní yóò kábàámọ̀. Etí mi ló ṣe."

"Ọwọ́ yín ńkọ́, sà?"

"Iná ló jó mi nígbà tí mo fẹ́ fà á jáde."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Káfíńtà ti wà ní àhámọ́. Bí ẹ̀sùn náà bá mọ́ ọn lórí, inú ẹ̀wọ̀n ni yóò ti lo ìyókù ayé rẹ̀.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Sùúrù lọ bá a. Àgbàlagbà ni, ó fẹ̀yìn ti ògiri lórí sìmẹ́ǹtì.

"Bàbá, kí lẹ bá obìnrin yẹn jà sí?"

"Ta ló bá a jà, ọmọ mi? Ilẹ̀kùn lúfà mẹ́rin ni mo ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, àwọn onípákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dagun léra wọn yẹn, kí atẹ́gùn lè máa ráàyè dé ara aṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló yan igi. Ó ń fọwọ́ pa pákó kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. Mo kun ún ní fánísì, ó ní ó ń dán bí orí apárí." Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Òróró igi ló ní kí n fi pa á, kí ojú igi lè hàn. Mo ní yóò kábàámọ̀, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń tún òróró pa. Ó ní òun gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òróró sílẹ̀ fún un, mo ní ó di Mọ́ńdè kí n tó wá ha fánísì náà kúrò. Òní náà nìyí."

"Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó bó kankan lẹ́yìn ìka rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe ń ha àárín àwọn pákó yẹn?"

"Mo ń wé sánpépà mọ́ igi pẹlẹbẹ ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni í ti ìka bọ̀ ọ́, etí pákó á sì bó ẹ̀yìn ìka rẹ̀ ní ìlà-ìlà." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀rù ò bà mí, ọmọ mi. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀."

Láti ibẹ̀, Sùúrù gba ṣọ́ọ̀bù bàbá lọ. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àkísà kọ̀ọ̀kan wà lórí ìṣó tirẹ̀, ó gan bí awọ tó gbẹ sóòrùn.

"Kì í jẹ́ kí méjì sùn pọ̀," ni ìyàwó Káfíńtà wí. "Ó ní bí a bá di àkísà olóróró pọ̀, yóò máa gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná, kò ní dúró de ìṣáná. Ká ní ó ń ṣọ́ èmi bó ṣe ń ṣọ́ wọn ni, ǹ bá ti sanra." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

Sùúrù padà sí iyàrá tó jóná. Mẹ́ta nínú àwọn ilẹ̀kùn náà ti di èédú. Ẹ̀kẹrin ti ṣubú síta, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì jó. Kò sí fánísì lára rẹ̀ mọ́. Òróró ti kán sí etí pákó kọ̀ọ̀kan, ó sì gbẹ síbẹ̀ ní kíkán-kíkán. Nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí iná ti jẹ ilẹ̀ jinlẹ̀ jù, agolo kan wà níbẹ̀, eérú aṣọ kún inú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó pe Tíṣà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì ní kí wọ́n mú Káfíńtà jáde.

"Ẹ bá mi tú aṣọ ọwọ́ yín, sà."

Tíṣà fi ọwọ́ òsì tú u. Kò sí ibi tó lé ròrò bí ojú iná. Ìlà pupa ló tò lẹ́yìn ìka rẹ̀.

"Iná kì í bó èèyàn ní ìlà-ìlà," ni Sùúrù wí jẹ́ẹ́. "Etí pákó ló ṣe èyí. Ẹ̀yin lẹ ha ilẹ̀kùn kẹrin, ẹ̀yin lẹ sì fi òróró pa á. Ẹ ò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ nu àṣẹ́kù rẹ̀ kúrò, ó wá kán sílẹ̀. Káfíńtà kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ki àkísà sínú agolo. Ẹ gbé agolo náà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbóná títí ó fi gbiná."

Tíṣà ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó mi lọ dirun láàárọ̀ Sátidé," ó wí. "Mo ní kí n ṣe ọ̀kan kó tó dé, kó rí bí yóò ṣe rí. Mo fi àkísà pamọ́ kó má baà bínú pé mo da ilé rú. Nígbà tó dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò wo ojú ilẹ̀kùn. Mo ní kò burú, bó bá jí, yóò rí i. Níta ni kẹ́ẹ̀gì náà wà, kò jó. Lẹ́yìn tí iná kú ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ìkìlọ̀ nípa àkísà wà níbẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà."

"Ẹnikẹ́ni ò ní pe iná yẹn ní ọ̀ràn yín, sà. Ṣùgbọ́n ẹ kà á tán, ẹ wá nawọ́ sí bàbá yìí. Ìyẹn ni èmi yóò kọ sílẹ̀, ẹ ó sì jẹ́jọ́ rẹ̀."

"Mi ò lè fara dà á kí wọ́n máa sọ ọ́ pé èmi ni mo pa á," ni Tíṣà wí.

Bàbá Káfíńtà ti wọ bàtà rẹ̀. Ó dúró níwájú ọkùnrin náà.

"Ṣé wọ́n ti kan pósí ìyàwó yín?"

"Rárá, sà."

"Báwo ló ṣe ga tó?"

Tíṣà gbé ọwọ́ tó bó náà lé èjìká ara rẹ̀. "Ibí ni orí rẹ̀ máa ń dé."

Bàbá sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọn gíga náà láti ibẹ̀ bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kúnlẹ̀, Tíṣà sì dúró ṣánṣán fún un.