Ikọ́ Tí Màmá Kò Hú

Fóònù Màmá ń dún lórí tábìlì, Màmá sì wà nílé ìwẹ̀. Ìyá Àgbà yọjú wò ó: ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ Màmá ló ń pè. Ìyá Àgbà yìí kì í ṣe arúgbó o. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni. Àníyàn rẹ̀ tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ló mú kí ìyá rẹ̀ máa pè é bẹ́ẹ̀.

Àníyàn náà nídìí. Láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ̀lú, Màmá ń dá sùn ní yàrá iwájú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni tìyá-tọmọ ti ń kí ara wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì kan ti kú, àwọn mìíràn ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Màmá náà ti ṣèlérí pé bí oṣù bá ti parí, òun yóò fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tí yóò rí ìparí oṣù? Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà kí ìyá rẹ̀ má kú.

Ó gbé fóònù náà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá ò lè wá. Wọ́n ń húkọ́."

"Ikọ́ kẹ̀? Yéè! Sọ fún wọn kí wọ́n má jáde rárá o!"

Bí Màmá ti jáde, Ìyá Àgbà ní, "Ọ̀gá yín ní kí ẹ sinmi lónìí."

"Ọ̀gá tèmi? Ó ní kí n sinmi? Á jẹ́ pé ayé ti fẹ́ parí nìyẹn," ni Màmá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sun oorun àsùnhanrun. Inú Ìyá Àgbà dùn dọ́ba.

Àṣé nọ́ọ̀sì kì í kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn àfi tí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bá dé. Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ Màmá, ló ṣiṣẹ́ mọ́jú, Màmá ló sì yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dé, nítorí ọ̀gá kò rí ẹlòmíràn rán. Ó tún fi gbogbo ọ̀sán náà ṣiṣẹ́ nínú aṣọ rọ́bà tó bò ó látorí dẹ́sẹ̀, títí òòyì fi gbé e ṣubú láàárín àwọn aláìsàn. Ìbòmú rẹ̀ sì já bọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ tó ọjọ́ méjì. Ọ̀gá pe Màmá pé, "Ikọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ikọ́ wo, mà?"

Ọ̀gá bá ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan bí Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe ṣubú. Màmá kò na ọmọ rẹ̀. Ó kàn ní, "Èmi lo parọ́ fún, orí ọ̀rẹ́ mi ló wó lé."

Àrùn náà mú Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín lóòótọ́. Kò pa á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ kí i nílé, bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dúró mí. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó ń sunkún.

"Dìde, ọmọ mi. Mo ti gbọ́," ni àǹtí náà wí. Ó yíjú sí Màmá. "Ọ̀rẹ́ mi, n ò padà síbẹ̀ mọ́. Àrùn kọ́ ló lé mi. Mò ń wo ilẹ̀kùn, mò ń wo ilẹ̀kùn, ẹnì kan ò wọlé."

Nígbà tí oṣù parí, Màmá wọ aṣọ iṣẹ́.

"Màmá, ẹ ṣèlérí," ni Ìyá Àgbà wí.

"Mo mọ̀. Nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Nísinsìnyí, bí mo bá lọ, ta ló máa wọlé fún ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn?"

Ọmọ náà fẹ́ fi irọ́ dá ìyá rẹ̀ dúró sílé, irọ́ náà ló dè é mọ́ iṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tirẹ̀, kó mọ̀ pé orí ọmọ ẹlòmíràn ló gbé e kà.