Orí Abẹ́rẹ́ Gíramafóònù Bàbá

Aáyán ni alárinà ìfẹ́ àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí aránṣọ gbé gíramafóònù bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù atúnrédíòṣe, bí ọkùnrin náà ti ṣí i báyìí, aáyán tú jáde bí ọmọ ilé-ìwé tó gbọ́ agogo ìparí. Aránṣọ fò sẹ́yìn, ó tutọ́.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tà á ní iye yòówù tó bá pa!”

“Iye yòówù kẹ̀? Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má kùn ún, ẹ má fomi fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ra ohun àtijọ́, àtijọ́ gan-an ló fẹ́ rí. Ẹ wo orí abẹ́rẹ́ yìí tó ń mú orin jáde lára àwo, ojúlówó ni. Òun ló máa pa owó.”

Ó fi ìka ṣa ẹyin aáyán kúrò, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí orí abẹ́rẹ́ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ ojú ọmọ. Ọwọ́ yẹn ni aránṣọ wò tí ọkàn rẹ̀ fi fà sí i.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti ń pe ara wọn ní olólùfẹ́. Ìyá aránṣọ nìkan ló ń yínmú.

“Wo èékánná rẹ̀! Ọwọ́ yẹn lo fẹ́ kó máa bu oúnjẹ fún ọmọ ẹ?”

“Èérí ọwọ́ lásán ni, Màámi. Ọṣẹ á bó o.”

Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá tà. Atúnrédíòṣe kò tà á fún ẹni àkọ́kọ́, kò tà á fún ẹnì kejì, owó wọn kò tó. Ẹnì kẹta, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló san iye tó mú Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í pe atúnrédíòṣe ní “ọmọ mi”.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, tíṣà yọ sí aránṣọ, ó gbá àwo orin kan mọ́ àyà.

“Ọmọ mi, mi ò bá ìjà wá o. Ohùn ìyàwó mi tó ti dolóògbé ló wà nínú àwo yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbé e sí i. Ṣé bí ẹ̀rọ bàbá ẹ ti máa ń họ àwo nìyí?”

Ojú àwo náà ti funfun, bí ilẹ̀ tí adìyẹ fi èékánná họ. Ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ kò sì họ àwo kan rí.

Aránṣọ dìde. Ó di ṣọ́ọ̀bù olólùfẹ́ rẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ yọ. Orí abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi àjákù aṣọ tó rán fún ọkùnrin náà wé.

“Kí nìyí?”

“Ìfẹ́ mi, rọra. Ẹnì kan fẹ́ ra orí abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, ni mo bá fi ayédèrú rọ́pò ẹ̀. Kí ni bàbá arúgbó yẹn mọ̀? Torí tiwa ni!”

Ọkùnrin náà nawọ́ sí i. Ìríra mú aránṣọ ju ti ọjọ́ aáyán lọ.

“Má fọwọ́ kàn mí! Aáyán sàn jù ẹ́. Ìdọ̀tí tiẹ̀, gbangba ló wà.”

“Torí irin kékeré?”

“Bàbá mi máa ń ṣí fìlà kó tó fọwọ́ kan irin kékeré yìí.”

Sukudíráfà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló fi de orí abẹ́rẹ́ náà padà nílé tíṣà. Wọ́n gbé àwo náà sí i. Ó ń ha yànyàn, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà wà lábẹ́ rẹ̀. Tíṣà bojú.

Nígbà tí aránṣọ délé tó ròyìn, Màámi kò sọ pé “mo wí bẹ́ẹ̀”. Omi àti ọṣẹ ló gbé kalẹ̀. Aránṣọ fọ ọwọ́ tí ọkùnrin náà máa ń dì mú, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Màámi, èérí ọwọ́ nìkan ni ọṣẹ ń bó.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Wá jókòó.”