Agogo Kẹ̀kẹ́ Mùsílíù

Ariwo èébú ni ọ̀rẹ́ mi Adépéjú fi kọ́kọ́ mọ ọkọ rẹ̀. Ojú mi ló ṣe, torí náà kò lè jiyàn.

Ogun Hítílà ti parí ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Èmi àti Péjú jọ ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹmọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, a lọ ra òwú ní Kémta. Bí a ti ń bọ̀, a bá èrò lábẹ́ igi tí Mùsílíù ti máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di táì dúró lé Mùsílíù lórí, ó ń pariwo.

“Àwọn ará Ìtòrí ń dúró dè mí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ìwọ sì jókòó ti táyà láti àárọ̀. Ọ̀lẹ. Kèfèrí.”

Kèfèrí kẹ̀? Mùsílíù tí kì í pa ìrun jẹ, tó sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju ẹni tó ń bú u lọ?   Mùsílíù lẹ rọ́bà náà tán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi àkísà nu ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó ní, “Ọlọ́run á mú yín dé Ìtòrí, Tíṣà.”

Péjú pòṣé. Ó ní ẹwà dànù lára ọkùnrin tó di táì yẹn. Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú, torí ẹni tó bá ní ẹwà dànù ti rí ẹwà ná.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, agogo dún níwájú ilé wọn. Tíṣà yẹn náà ni, ó ń fi agogo ọwọ́ wàásù òwúrọ̀, Bíbélì ń bẹ lábẹ́ abíyá rẹ̀. Theophilus lorúkọ rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí ilé-ìwé ìjọ wa ni, láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló sì ti ń lu agogo káàkiri àwọn àdúgbò míì ní Ìjẹmọ̀ láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun ti gbóná bí ata rí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí òun ti gba Jésù, inú kì í bí òun mọ́, òun ti tutù bí omi àmù.

Péjú tó ń gbálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwàásù dàrú. Tíṣà kọjá sọ́dọ̀ wa, ó béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ Olúwa.

“Ẹ má bínú, Tíṣà,” ni Péjú wí. “Ṣé omi àmù yìí náà ló bú Mùsílíù lọ́jọ́ Sátidé?”

Tíṣà ní Mùsílíù ló dá òun dúró, ọkàn àwọn ará Ìtòrí sì ń jẹ òun lógún. Péjú bi í bóyá Mùsílíù kò ní ọkàn ni. Ó ní ẹni tó bá ní òun á dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ la máa kọ́kọ́ wò.

 Tíṣà di ahọ́n agogo mú kó má baà dún, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a kò gbọ́ agogo ní Ìjẹmọ̀. Àwọn àgbàlagbà tó máa ń fi agogo yẹn jí ń béèrè rẹ̀. Péjú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rán apá ẹ̀wù kan lódìkejì, ó tú u, ó tún rán an lódìkejì. Ó ní òun fi ẹ̀rín pa iṣẹ́ Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run nìkan ló ń rò, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi mọ́, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì láti dúró de Tíṣà.

“Mo ti jáwọ́,” ni Tíṣà sọ fún un. “Ẹni tí ẹnu rẹ̀ rí báyìí, kí ló fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni nípa Jésù?”

“Tó bá jẹ́ pé ẹni tí kò ní àléébù nìkan ló lè wàásù, àwọn áńgẹ́lì ni ì bá máa lu agogo ní Ìjẹmọ̀,” ni Péjú dáhùn. “Ìbínú yín kọ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín, Tíṣà. Pé ẹ ní ẹ kì í bínú ni.”

Ó wo Péjú pẹ́. Ìfẹ́ wọ ọkùnrin náà lójú mi kòrókòró, bí omi ti ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní Sátidé, ó lọ sábẹ́ igi Mùsílíù ní àkókò ọ̀sán yẹn gan-an, kí àwọn tó gbọ́ èébú lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú táì lọ́rùn. Mùsílíù gbé e dìde. Ó so agogo tuntun mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní, “Tí mo bá ti gbọ́ tí ohùn yín ń lọ sókè, màá tẹ eléyìí.”

Láti ọjọ́ náà, ìwàásù rẹ̀ yí padà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, “Èmi Theophilus tó bú Mùsílíù ní kèfèrí ni mo tún dé. Ìbínú mi kò tí ì tán, Jésù kò sì tí ì fi mí sílẹ̀.” Àwọn èèyàn tí kì í dúró tẹ́lẹ̀ wá ń dúró.

Bí ó bá ti wàásù tán, kò ní lọ. Ó máa ń jókòó tì wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá Péjú ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n kì. Ó ń pè é ní àyànfẹ́, Péjú ń pè é ní omi àmù mi. Èmi nìkan ni mo wá ń ránṣọ, àwọn méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí ó wá tọrọ rẹ̀, bàbá Péjú, Ọ̀gbẹ́ni Herbert Bándélé, ní ìwádìí ṣì kù.

“Nínú ẹbí wa, a kì í béèrè ìwà ọkọ ọmọ lọ́wọ́ pásítọ̀,” ni Bàbá wí. “Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni pásítọ̀ ń rí i. Ẹni tó ń rí i lọ́jọ́ Wẹ́sidé la máa bi. Mo gbọ́ pé Mùsílíù mọ̀ ọ́n dáadáa.”

Péjú sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní bí Mùsílíù bá la ẹnu báyìí, òun pàdánù olólùfẹ́ òun nìyẹn. Èmi Morónkẹ́, mo dá ọgbọ́n kan. Mo ní kí Tíṣà ru iṣu márùn-ún lọ fún Mùsílíù, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ rere nìkan. Ó ronú sí i, mo rí i pé ó wù ú. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

“Irọ́ pé mi kì í bínú ni mo fi kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀, Péjú mi,” ló wí. “Mi ò lè tún fi irọ́ gbé ọ sílé.”

Ọjọ́ ìwádìí pé. Tíṣà jókòó ti Mùsílíù ní pálọ̀, ó ń làágùn. Èmi àti Péjú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá bi Mùsílíù bóyá ọmọkùnrin yìí máa ń bínú.

“Ó máa ń bínú, sà. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí èmi nìkan, láti ìgbà tó ti bẹ̀ mí.”

Péjú di apá mi mú títí ó fi ń dùn mí.

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin náà ló padà wá kí oòrùn tó wọ̀,” ni Mùsílíù ń bá ọ̀rọ̀ lọ, “ó bẹ̀ mí níwájú àwọn tó gbọ́ ọ, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀. Mùsùlùmí ni mí, sà, mi ò ní yí padà. Àmọ́ tó bá ní Jésù òun ń tún òun ṣe, mo gbà á gbọ́, torí mo mọ bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó.”

 Bàbá ní ọkùnrin tó ń padà wá bẹ̀bẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìyá Péjú wúkọ́ nínú yàrá, ikọ́ tó gùn, torí ó mọ ẹnì kan tí kò bẹ̀bẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Bàbá ní kí wọ́n yáa gbé obì wá.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Láwàlì ayàwòrán tò wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì nínú oòrùn. Ó fi orí sínú aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà rẹ̀, ó yọ ọ́, ó ní kí a sún. A sún. Ó tún ní kí a sún. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo rí i tí iṣan ọrùn ọkọ ìyàwó ń le. Ó la ẹnu.

Agogo kẹ̀kẹ́ dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu tó ti là sílẹ̀ náà. Péjú náà bú sẹ́rìn-ín. Láwàlì tẹ kámẹ́rà rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, a kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Gbogbo àwa yòókù dúró gbagidi bí ẹni tó wà ní kóòtù. Tọkọtaya nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, fọ́tò náà sì wà lára ògiri wọn títí dòní. Bí ẹ bá wo etí rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ìdajì kẹ̀kẹ́ kan, àti àtàǹpàkò Mùsílíù lórí agogo.