Tísà Ẹlẹ́yọ-Kan

Ẹyin kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àlùbọ́sà kan wà ní ọwọ́ òsì, ṣíbí onígi kan sì yọrí jáde nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Báyìí ni Ràbíátù ṣe kọ́kọ́ rí Jìbírílù ní ọjà Àbóàbó, ní Tàmálè, ní ọdún kejì tí ogun ńlá parí. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa ti kun ojú gbogbo ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ọkùnrin náà funfun, ó sì ń rọra gbẹ́sẹ̀ láàárín èrò nítorí ẹyin ọwọ́ rẹ̀.

Ó dúró níwájú àtẹ wóróbo Ràbíátù. Ó wo ìyarun, ó wo òwú, ó wo bọ́tìnnì.

"Ẹ kú ọjà o. Mo fẹ́ ra abẹ́rẹ́ kan."

"Páálí kan?"

"Rárá. Abẹ́rẹ́ kan."

Ràbíátù fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹyin kan, àlùbọ́sà kan, abẹ́rẹ́ kan! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèrà lẹ fẹ́ ṣe lálejò?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ sì hàn. Ó ní tísà ni òun, òun ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn àdúgbò Sakasáká. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, lábẹ́ ìjọba Faransé.

"Kí lẹ wá ń fi àwọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan yìí ṣe?"

"Àṣírí iṣẹ́ ni," ó ní, ó sì ṣẹ́jú sí i.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Ajé kan tí kì í wá. Bọ́tìnnì kan. Ìyarun kan. Okùn bàtà kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀, torí ta ni yóò ra èkejì lọ́wọ́ Ràbíátù? Àwọn obìnrin ọjà sọ ọ́ ní Tísà Ẹlẹ́yọ-Kan. Tí ó bá ti yọ lókèèrè, wọn a pariwo pé, "Ràbí, oníbàárà rẹ olówó ń bọ̀!"

Lọ́jọ́ kan, dígí kékeré kan ló fẹ́ rà, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ibi ìdìmú rẹ̀ sì ti ń mì. Ràbíátù mú òwú búlúù, ó fi eyín já a, ó sì wé e mọ́ ọrùn dígí náà títí tó fi le dáadáa.

"Kó má baà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́," ó ní.

Kò sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń rò ó pé ní àràárọ̀ tí tísà bá ń fá irùngbọ̀n, òwú òun ni yóò máa rí.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Jìbírílù wá láìra nǹkan kan. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn àtẹ.

"Ràbí, gbogbo nǹkan tó wà lórí àtẹ yìí ni mo ti rà tán. Ìwọ nìkan ló kù."

"Èmi náà, ẹyọ kan ṣoṣo?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo. Mi ò fẹ́ ìkejì láéláé."

Ràbíátù yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà rí i bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Òjòwú ni, ó sì mọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni kì í ti í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín nǹkan, ìbáà ṣe àkàrà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Àlàó, ará Ọ̀fà tó ń ta aṣọ, kò fẹ́ gbọ́ ọ.

"Ọkùnrin tó ń ra àlùbọ́sà kan! Ahun ni. Tó bá fẹ́ ọ, ṣé ìdajì ẹyin ni wàá máa jẹ? Wo Sàlíhù. Apẹ̀rẹ̀ obì góòrò ogún ló ń kó wá láti Kùmásí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ń béèrè rẹ láti ọdún tó kọjá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ènìyàn Jìbírílù ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Ó ti kọ̀wé sí wọn."

"Tó. N ó dúró títí oṣù yìí yóò fi parí. Bí wọn kò bá dé, góòrò Sàlíhù ni a ó pín."

Gbogbo ará Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, ló mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Tí wọ́n bá ti pín góòrò láti ilé dé ilé, tí ẹnu ti jẹ ẹ́, ọmọbìnrin náà ti ní ọkọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń yọ góòrò jáde lẹ́nu àdúgbò.

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́wàá nígbà tí Ràbíátù gbé òwú ìdìrun lọ fún Sherifatu ní Sakasáká. Ọmọ Ìlọrin ni Sherifatu, irun ló ń dì, ó rẹwà, ó sì mọ̀ pé òun rẹwà. Òun àti Ràbíátù ti ń fi ẹnu ta ara wọn láti ìgbà ilé kéwú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún obìnrin kan tán, ó sì gbé dígí kan sókè kí onítọ̀hún wo ara rẹ̀.

Ẹ̀yìn dígí náà pupa. Òwú búlúù wà lọ́rùn rẹ̀. Pépà pélébé kan so rọ̀ mọ́ òwú náà, wọ́n sì kọ nǹkan sí i.

"Níbo lo ti rí dígí yìí?" Ràbíátù bi í.

Sherifatu wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀dọ̀ Tísà Faransé ló ti wá. Ìyarun yìí náà. Kí ló dé? Ṣé ó dùn ọ́ ni?"

Ìyarun náà nìyẹn lóòótọ́, nínú irun Sherifatu. Ràbíátù kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó na ọwọ́, ó já pépà náà gbà, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.

"Wèrè!" Sherifatu kígbe tẹ̀lé e. "Dúró kí n parí ọ̀rọ̀ mi!"

Kò dúró. Ara rẹ̀ ń gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò mọ̀wé, kò lè ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́, torí ó ti máa ń rí Jìbírílù tó ń kọ nǹkan lórí orúnkún rẹ̀ lábẹ́ igi. Ó gba ọ̀dọ̀ Abdul-Ganiyu lọ, ẹni tó ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.

Abdul-Ganiyu sún awò ojú rẹ̀ sókè. Ó yí pépà náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Èyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mi. Kì í ṣe Haúsá. Mi ò lè kà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ràbíátù rìn lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà ń rìn nínú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ni ọkùnrin ń kọ ní ẹyọ kan sára dígí obìnrin, ní èdè tí akọ̀wé pàápàá kò gbọ́, bí kì í bá ṣe "olólùfẹ́"? Òwú tí òun fi ọwọ́ ara òun wé ni ó sì fi so ó. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gba góòrò Sàlíhù."

Ní ọjọ́rú, góòrò dé nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ewé bò. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni wọn yóò pín in. Mọ̀ríámọ̀, ìyá Ràbíátù, wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó gba ọkọ kì í ṣojú báyìí."

Ní Ọjọ́bọ̀, owú kò jẹ́ kó lè jókòó. Ó ní òun kò ní lọ sílé ọkọ kí òun tó ju pépà náà lu Jìbírílù lójú, níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí wọ́n mọ irú ẹni tó ń kọ́ wọn. Ó fi pépà náà sínú ìkúùkù, ó sì forí lé ilé ẹ̀kọ́.

Fèrèsé ló kọ́kọ́ dé. Ó yọjú.

Jìbírílù dúró níwájú kíláàsì, ó gbé abẹ́rẹ́ kan sókè láàárín ìka méjì. Kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sọ Haúsá, kò sọ Dàgbánì. Èdè Faransé nìkan ló ń sọ, àwọn ọmọkùnrin náà sì ń dá a lóhùn bí ẹni ń kọrin. Lórí tábìlì rẹ̀ ni àlùbọ́sà kan wà, àti ẹyin kan, àti bọ́tìnnì kan. Pépà pélébé so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọ gíga kan dìde, ó pe orúkọ abẹ́rẹ́ náà, ó sì kà á jáde lára pépà tó so mọ́ ọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tísà na abẹ́rẹ́ náà sí i: ó di tìrẹ.

Nígbà tí aago lù, àwọn ọmọ náà tú jáde.

"Mìkáílù ti tún gba ẹ̀bùn!" ọ̀kan ní. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá dígí, ṣáájú ìyẹn ìyarun!"

"Wálláhì, kò dúró lọ́wọ́ mi," ọmọ gíga náà dáhùn. "Tí mo bá ti gbé e délé báyìí, ẹ̀gbọ́n mi Sherifatu á ti gbà á."

Ràbíátù fẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ ni Jìbírílù ti bá a.

"Ràbí! Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá bá yín jà."

"Ó dáa. Lórí kí ni?"

Ó la ìkúùkù rẹ̀. Jìbírílù tẹ́ pépà náà, òógùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́.

"Dígí," ó ní.

"Kí ni?"

"Ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyẹn. Dígí."

"Èmi kà á sí olólùfẹ́."

"Ta ló kà á fún ọ bẹ́ẹ̀?"

"Owú ni," Ràbíátù ní, omi sì dà lójú rẹ̀. "Owú ló kà á fún mi."

Jìbírílù rẹ́rìn-ín. "Èmi náà jẹ̀bi. Ilé ẹ̀kọ́ kò ní àwòrán tí mo lè fi kọ́ wọn, ni mo ṣe ń rà á fúnra mi. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọ pé ibi tí owó oṣù mi ń lọ nìyẹn."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín. Góòrò Sàlíhù ti wà nílé wa. Lọ́la ni wọn ó pín in. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbà á."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "O kò tilẹ̀ bi mí, Ràbí."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju èébú lọ. Ó fi ìborùn nu ojú. "Mi ò bi yín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di ẹrù yìí, èmi náà ni n ó tú u."

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ àti Sàlíhù jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ṣa góòrò tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Ràbíátù kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kò fi nǹkan kan pamọ́: ó sọ ti dígí, ó sọ ti pépà, ó sọ ti fèrèsé.

"O fẹ́ dójú tì mí láàárín Zongo!" Àlàó bú jáde. "Ẹnu rẹ lo fi gbà á!"

Ṣùgbọ́n Sàlíhù ti ń kó góòrò padà sínú apẹ̀rẹ̀. "Bàbá, góòrò tí ẹnu kò tí ì jẹ, ti ẹni tó gbé e wá ni. Kái! Èmi tí mò ń gba lẹ́tà láti Kùmásí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀! Owú obìnrin yìí yóò pa mí." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló di okùn apẹ̀rẹ̀ náà tó tún tú u, kí ó tó lè dì í dáadáa. Ràbíátù rí i, kò sì gbàgbé inúure náà.

Lẹ́yìn tó lọ, Àlàó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Àti ahun yẹn ńkọ́?"

"Bàbá, kì í ṣe ahun. Gbogbo ohun tó ń rà, ọmọ ọlọ́mọ ló ń fún."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

Àlàó ronú díẹ̀. "Nígbà náà, kì í ṣe ahun. Òmùgọ̀ ni. Ìyẹn sàn díẹ̀."

Ọjọ́ kan péré ló kù kí oṣù parí nígbà tí àwọn ará Àjàṣẹ́ dé pẹ̀lú góòrò tiwọn. Sherifatu ló di irun ìyàwó. Nígbà tó parí, ó gbé dígí olówùú búlúù náà síwájú Ràbíátù, ó ní, "Wo ara rẹ, òjòwú. Máa mú un lọ, kí n lè rí oorun sùn."

Ní ọjọ́ yìgì, Lèmọ́mù béèrè ohun tí ìyàwó fẹ́ gbà ní sàdáàkì.

"Kó kọ́ mi ní ìwé kíkà," Ràbíátù wí. "Kò gbọdọ̀ sí ohun tí yóò kọ sí ẹnikẹ́ni tí èmi kò ní lè kà."

Àwọn obìnrin pariwo ẹ̀rín. Lèmọ́mù ní sàdáàkì tó dára ni, ẹ̀sìn gbà á. Jìbírílù, tí Ràbíátù ti sọ ọ́ fún tẹ́lẹ̀, sì fa síléètì kan yọ lábẹ́ agbádá rẹ̀.

"Ẹyọ kan náà ni!" Àlàó kígbe, ó sì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Ìwé kò tètè wọ Ràbíátù lórí. Ó bínú sí síléètì, ó sunkún, ó nu ún, ó tún kọ ọ́. Ọyẹ́ tún padà wá bo Tàmálè kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí Jìbírílù ti ń múra láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, Ràbíátù dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi òwú búlúù so pépà pélébé kan mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀ wò ó. Ó gbé ojú sókè, ó nà ró bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

"Kí ni èyí?"

Ràbíátù fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó rọra kà á. "Jì-bí-rí-lù."

"Ó tọ̀nà," tísà wí. "Tìrẹ ni. Máa gbé e lọ sílé."