Mọ́tò Pupa Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sọ Ìtàn Rẹ̀ Tán

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò, ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, sì wà níta, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nu imú mọ́tò. Kò ya ará àdúgbò kankan lẹ́nu mọ́. Bí Tíṣà bá nu mọ́tò náà tán, á yí i po, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ń ra ilẹ̀, wọ́n ń sin adìẹ. Òun ní tirẹ̀ kó gbogbo ohun tó ní lé mọ́tò ìsáré ayé àtijọ́ kan lórí, oníjókòó méjì, tó pupa fòò, tó sì rẹlẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣègbéyàwó á máa yá a, àwọn ayàwòrán náà á sì máa yá a. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Orogún.

"Ẹ bá mi kí orogún mi níta," ló máa ń wí fáwọn tó wá ra búrẹ́dì. "Èmi tí mo bímọ mẹ́ta fún un, kò nu ojú mi báyẹn rí."

Àbíkẹ́yìn wọn jáde nínú ilé pẹ̀lú àpò ìyarun lọ́wọ́. Onídìrí ni, ìka rẹ̀ sì yára débi pé àwọn obìnrin máa ń ti òdìkejì ìlú wá jókòó dè é. Ìyàwó tuntun kan ń retí rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Tíṣà ní òun á gbé e lọ.

"Ẹ rọra o, Bàbá Àbíkẹ́yìn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mọ́tò ìsáré lo ní kí n máa rọra wà?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn kò kọjá ibẹ̀.

Níbi tí òpópónà ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, lẹ́bàá ilé ìfọṣọ, Tíṣà tẹ bíréèkì, ó mú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó mú díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a wọlẹ̀ lọ pátápátá. Ògiri ọgbà ilé ìfìwéránṣẹ́ ló dá wọn dúró. Tíṣà kàn ya díẹ̀ níwájú orí ni. Ṣùgbọ́n Àbíkẹ́yìn ti na ọwọ́ ọ̀tún síwájú láti fi gba ara rẹ̀ dúró, gíláàsì sì ti wó lé ọwọ́ náà. Dókítà ní eegun á jinná. Iṣan tó ń ká ìka méjì ló gé, ilé ìwòsàn ńlá nìkan ló sì lè gbìyànjú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Onídìrí tí ìka rẹ̀ kò ká, kí ló kù fún un?

Mẹkáníìkì tó wọ́ mọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ránṣẹ́ pe Ìyá Oníbúrẹ́dì.

"Màmá, ta ló ta nǹkan yìí fún yín?"

"Ṣé ó ti bàjẹ́ jù ni?"

"Ó ti bàjẹ́ kó tó bàjẹ́ ni." Ó mú òòfà kékeré kan, ó gbé e lé ìlẹ̀kùn mọ́tò, òòfà náà já bọ́. "Ojúlówó irú mọ́tò yìí, irin ni gbogbo ara rẹ̀. Fáíbà nìyí, irú ike kan. Ẹ tún wá wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin abẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mọ́tò kékeré táwọn èèyàn fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé ni. Ẹnì kan ló gé mọ́tò kékeré, ó fi fáíbà dá ara tuntun fún un, ó wá gbé ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì sí i."

"Ìyẹn ló jẹ́ kí bíréèkì já?"

"Bíréèkì yẹn ò já, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń sáré, bíréèkì kékeré ló ń dá a dúró. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ lè má mọ̀. Tó bá dórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tẹ́ ẹ wá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, epo bíréèkì á gbóná, á hó, ẹsẹ̀ yín á kàn máa wọlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wo abẹ́ rẹ̀ á rí i. Ṣé Tíṣà ò mú mẹkáníìkì dání lọ́jọ́ tí wọ́n lọ rà á ni?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì rántí ọjọ́ náà. Kámẹ́rà ni Tíṣà mú dání lọ. Kó tó rà á, ó ti ka oríṣiríṣi ìwé. Ó mọ ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ó mọ ìdíje tó ti gbégbá orókè. Ó mọ ìtàn irú mọ́tò náà látòkè délẹ̀. Ìtàn ọ̀kan tó fẹ́ rà gan-an ni kò bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ délé ròyìn fún un, Tíṣà jókòó sórí àga, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọmọ iléèwé mi kan wà, ayàwòrán ilé. Ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n ta mọ́tò náà fóun. Mẹkáníìkì lè tún imú rẹ̀ ṣe, kó kùn ún lọ́dà."

"Ọ̀dà kẹ̀? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Bàbá Àbíkẹ́yìn. Bíréèkì ńkọ́?"

"Kí ni ká fi tọ́jú ọwọ́ ọmọ yìí? Sọ fún mi. Ilé ìwòsàn ńlá ò ní gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wa." Ó dìde lórí àga. "Bí wọ́n ṣe tà á fún mi lèmi náà ó ṣe tà á."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, inú bí i, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Baba tó gbé ọmọ rẹ̀ kọlu ògiri ni, kò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Kò bá a jà. Ó kàn ní lọ́kàn pé òun gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó mọ̀, tó dákẹ́, títí ọmọ òun fi jókòó sínú mọ́tò náà. Ó di búrẹ́dì sápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ mọ́tò náà padà sẹ́yìn, láti ọwọ́ ẹni tó tà á dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ìbéèrè kan náà ló ń bi olúkúlùkù: kí ni wọ́n sọ fún yín nígbà tí ẹ rà á, kí lẹ sì sọ nígbà tí ẹ tà á?

Oníṣòwò mọ́tò ló kọ́kọ́ bá, nínú ilé onígíláàsì tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán.

"Màmá, mi ò parọ́. Ẹ ka rísíìtì yín. 'Mọ́tò pupa, oníjókòó méjì.' Ṣé mo kọ ojúlówó síbẹ̀?"

"Ẹnu yín ńkọ́? Kí lẹ fẹnu sọ fún ọkọ mi?"

"Ẹnu..." Ó họ orí. "Ọkọ yín ló ń sọ̀rọ̀, Màmá. Ó ń sọ ìtàn mọ́tò náà fún mi, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi kàn ń mi orí ni. Ọjà là ń tà." Nígbà tó gbọ́ nípa Àbíkẹ́yìn, ó béèrè pé ọwọ́ wo ni. Obìnrin náà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọkùnrin náà kò lè wò ó lójú mọ́, ó sì júwe ibi tó ti ra mọ́tò náà fún un.

Ọ̀dọ̀ dókítà eléyín kan ni, obìnrin tó ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti ń fọ ọwọ́ láti wá wo eyín àlejò rẹ̀ nígbà tí àlejò là á yé e pé ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ṣe ọmọ òun léṣe lòun bá wá.

"Wọ́n sọ fún mi pé àwòṣe ni, pé ẹnì kan wo ojúlówó ṣe é ni," ni dókítà wí. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣòwò yẹn dé, tó ní 'ojúlówó ọjà rèé o,' mi ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un. Mo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Ṣé wọ́n sọ ti bíréèkì fún yín?"

"Pátákó irin kékeré kan wà níwájú ibi ìjókòó. Wọ́n kọ nǹkan sí i. Ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́, mo sì ní kí wọ́n yọ ọ́." Ó wá jókòó sórí àga táwọn aláìsàn rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sí. "Ọ̀rọ̀ nípa bíréèkì ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ yín, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Jórinjórin ni ẹni tó ṣe mọ́tò náà, òun sì ni dókítà júwe fún un. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ó sì fi ọwọ́ wá etí àga kó tó jókòó. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò náà ni, ojú rẹ̀ tàn bí ìgbà tí wọ́n bá kí èèyàn kú ewu ọmọ.

"Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ṣe é, ọmọ mi. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwòrán irú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè ra ojúlówó láé. Ṣùgbọ́n mi ò fi tan ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sí ara rẹ̀: Àwòṣe ni mí. Bíréèkì mi kò tó ẹ́ńjìnnì mi. Má wà mí lórí òkè."

Obìnrin náà ròyìn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ fún un. "Bàbá, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n báyìí, kí ló dé tí ẹ ò pààrọ̀ bíréèkì náà kí ẹ tó tà á?"

Bàbá náà fọwọ́ pa ojú. "Ojú mi ti ń lọ nígbà yẹn. Mo ní ẹni tó bá rà á á ṣe é. Mo rò pé bí mo ti kọ ọ́, mo ti bọ́." Omijé dà lójú rẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà sọ orúkọ ọmọ náà fún òun, ó sì ń tún un pè jẹ́jẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e bọ̀ wálé, Ìyá Oníbúrẹ́dì ronú gan-an. Ìkà èèyàn ló jáde lọ wá, kò rí ìkà kankan. Ẹni àkọ́kọ́ sọ òtítọ́, kò ṣe iṣẹ́ tó kù. Ẹnì kejì gbọ́ òtítọ́, ó yọ ọ́ kúrò lára mọ́tò. Ẹnì kẹta kò béèrè. Ọkọ tirẹ̀ ni ẹnì kẹrin. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lówó là ń ra èké.

Ó ṣílẹ̀kùn pálọ̀, ó bá ayàwòrán ilé náà níbi tó jókòó sí. Àlejò náà dìde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tíṣà kò wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, mo ń sọ fún Tíṣà ni pé èmi ò nílò mẹkáníìkì tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka máàpù, ṣé òun ni mo máa wá fura sí?"

Obìnrin náà la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó rántí ìka Àbíkẹ́yìn lórí ìrọ̀rí. Ẹni tó ti lọ bá èèyàn mẹ́ta wí nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, òun náà dákẹ́. Ó wá mọ bó ṣe rọrùn tó, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

"Ọmọbìnrin mi ni yóò yọ̀ jù," ni àlejò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Iwájú ló máa ń fẹ́ jókòó ṣáá. Ṣé kò séwu, Tíṣà?"

Tíṣà gbé orí sókè.

"Ewu wà," ló wí. "Má rà á, ọmọ mi. Àwòṣe ni, kì í ṣe ojúlówó. Bíréèkì rẹ̀ ò ká ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Iwájú ni ọmọ tèmi náà jókòó sí." Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, ti kámẹ́rà náà wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá jókòó tì í, ó sì bá a sọ ohun tó rí nírìn àjò rẹ̀.

Àlejò náà dúpẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ìbéèrè rẹ̀ kò ní ìbínú nínú.

"Tíṣà, ká ní mi ò dárúkọ ọmọ mi ńkọ́?"

Ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Wọn kò tètè rí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn ńlá náà. Nígbà tí ìyá fi owó búrẹ́dì gbé wọn dé ibẹ̀, tí oníṣòwò àti dókítà eléyín náà sì ti dá sí i, àkókò tó dára jù ti kọjá. Ìka kan padà ń ká, èkejì kọ̀ jálẹ̀. Àbíkẹ́yìn ń kọ́ àwọn mìíràn níṣẹ́ báyìí. Ó ní ẹnu lòun fi ń dirun. Ó máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti bá a níbi tó ti ń gbìyànjú ìka náà lára òwú, tó ń sunkún. Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ fi ẹjọ́ oníṣòwò náà sun àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó títa ọkọ̀, àwọn wọ̀nyẹn sì fi dandan lé e pé kó máa kọ ìtàn mọ́tò kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀ kó tó tà á. Mẹkáníìkì tú mọ́tò pupa náà palẹ̀ níṣojú Tíṣà. Wọ́n ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, àwòṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin tó ṣe mọ́tò yẹn fẹ́ràn rẹ̀, kò sì ṣe é láti fi jalè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, ẹ má fi ẹwà rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán dání, ẹni tí kò bá ẹni tó ń tà á ṣọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wo abẹ́ rẹ̀, kó fi nọ́ńbà tó wà lára irin wé èyí tó wà nínú ìwé, kó sì rọra wà á níbi tó tẹ́jú kó tó gbé e lọ sórí òkè. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ọwọ́ ta ló ti rà á, kí ẹ sì lọ bá ẹni náà. Bó bá kọ̀ láti júwe rẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sì ń tà, ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè, kódà bí àìní bá wà nílé. Ohun tó yẹ ní títúnṣe, ẹ tún un ṣe kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Títí di òní, Tíṣà kò tíì rí èsì fún ìbéèrè tí ọmọ iléèwé rẹ̀ bi í lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n á bi ẹ̀yin náà.